Ìbàdí Fèyí àti Àkọ̀ Ìbọn

Ìbàdí tí Ọlọ́run fún Olúwafèyíṣayọ̀ Akínwándé kì í ṣe irú èyí tí ẹni tó ṣe bẹ́líìtì ọlọ́pàá ní lọ́kàn. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní in ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá rẹ̀ gbé e wọ bàálù wá sí Lọ́ńdọ̀nù, Fèyí sì gbà á lódindi, láìsí ẹ̀dínwó. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Thamesmead, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, àwọn kan lára wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ dídùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Kò dá ìkankan lóhùn.

Ọlọ́pàá ni Fèyí. Ọdún méje ló fi rìn kiri Woolwich pẹ̀lú kúmọ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti rédíò, torí pé ọlọ́pàá tó ń gbé ìbọn kò pọ̀ nílùú yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, kí wọ́n yẹ ojú àti ọkàn rẹ̀ wò, kó sì lọ kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi fẹ́ ẹ, ó sọ ohun tó yẹ kéèyàn sọ, nípa ààbò ará ìlú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ti sú u. Láàárín oṣù kan ṣoṣo, ọ̀mùtí mẹ́ta ló ti bì sí i lórí bàtà níwájú Woolwich Arsenal Station, ẹni kẹta sì tún ní kó bá òun wá ẹsẹ̀ bàtà òun kan tó sọnù. Ó gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá tó ń gbé ìbọn máa ń dúró sẹ́nu géètì àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn, pé èèyàn kì í sì sábà bì sí wọn lára.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ilé àwọn òbí rẹ̀ ní ẹ̀bá Birchmere Park ló ṣì ń gbé. Ọjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà nílé, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀, Títí, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ìbọn," ló wí.

"Yes, Mummy. Kékeré ni. Pistol."

"Mo sá kúrò l'Ékòó torí ìbọn. Mo wá bí ẹ síbi tí ò síbọn. Ìwọ wá lọ fi fọ́ọ̀mù béèrè ẹ̀."

"It's work, Mummy."

"Iṣẹ́ wo? Èmi náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ń gé mi jẹ, kò sì sẹ́ni tó fún mi níbọn."

Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ dìde láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlá ni Akínwándé fi ṣe ọlọ́pàá ní Nàìjíríà kó tó wá bá ìyàwó rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní báyìí, ọkọ̀ kékeré tó ń kó àwọn àgbàlagbà lọ sí gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ ló ń wà, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Harrow Manorway, Daddy Sájẹ́ǹtì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìtàn kan sì wà tí ẹnikẹ́ni tó bá jẹun nílé wọn gbọ́dọ̀ gbọ́: bí àwọn adigunjalè ṣe wọ báńkì kan ní Ìlúpéjú, tí Sájẹ́ǹtì fa ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ yọ kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Nígbà tí Fèyí wà lọ́mọ ọdún méje, adigunjalè mẹ́ta ni wọ́n. Nígbà tó wọ yunifásítì, wọ́n ti di márùn-ún. Níbi ìsìnkú àbúrò ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti pé méje, ọ̀kan nínú wọn sì ti ní ayẹta lára.

"Ẹ̀jẹ̀ ni," Sájẹ́ǹtì wí, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹ."

Fèyí rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹun lọ. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀rù ń bà á.

*

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ibi ìkọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ Adrian ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ. Òyìnbó ẹni ọgọ́ta ọdún kan ni, tó ń ṣọ́ ilé ẹrù, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Òun ló ń fún wọn ní bẹ́líìtì àti àkọ̀. Láyé àtijọ́, awọ ni àkọ̀ tí ìbọn ń sùn sí. Ọ̀rá líle ni ti ìsìnyí, wọ́n sì ṣe bọ́tìnnì kan sí i lára tí àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ìbọn tó lè jáde, kí ọlọ́ṣà má baà ti ẹ̀yìn wá fà á yọ.

Bẹ́líìtì náà kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni. Èyí tinú máa ń gba ojú ṣòkòtò kọjá, èyí tòde á wá lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó gba inú igbó kọjá. Adrian fi téèpù yí ìbàdí Fèyí ká lórí ṣòkòtò, níbi tó ti fẹ̀ jù. Ó wo nọ́ńbà náà, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wò, ó sì lọ sí kọ̀rọ̀ ilé ẹrù lọ mú bẹ́líìtì kan tí eruku wà lára rẹ̀.

Lára ọkùnrin tí ìbàdí rẹ̀ gún bí igi, àkọ̀ á dúró ṣánṣán. Lára Fèyí, ìbàdí náà ti ìsàlẹ̀ àkọ̀ síta, orí rẹ̀ wá tẹ̀ wọnú, ìdí ìbọn sì ń gún un légungun ìhà. Ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ nítorí ọta tún wá jókòó lé ìdí ìbọn náà bí adìyẹ tó sàba. Bó bá fẹ́ fa ìbọn yọ, ó ní láti gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sókè dé etí. Bó bá sì jókòó, bẹ́líìtì náà á gbé àkọ̀ wá sí abẹ́ ọmú rẹ̀.

Faiz ni olùkọ́ wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè, tó sì ń mu tíì látàárọ̀ dalẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ló fún wọn: láti ìgbà tí ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí dìgbà tí ìbọn á fi kọjú sí àmì. Àwọn ọkùnrin tó wà ní kíláàsì náà ṣe é ní méjì, àwọn kan ṣe é ní kan àti ààbọ̀. Fèyí ṣe é ní mẹ́ta lé díẹ̀. Ó tún un ṣe, ó di mẹ́ta àti ààbọ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ tún ń gbọ̀n.

"Akínwándé," Faiz wí ní Friday, "bẹ́líìtì lò ń bá jà. Kì í ṣe bẹ́líìtì la ní kí o dojú ìbọn kọ."

"Mo mọ̀, sir."

"Lọ tún un ṣe. Monday ni ìdánwò. Tí o bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, wàá padà síbi tí o ti wá."

Ibi tó ti wá ni iwájú Woolwich Arsenal Station. Fèyí wo bàtà rẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ Adrian lọ.

Adrian kó ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ń so àkọ̀ mọ́ bẹ́líìtì sórí káńtà. Èkíní ni irú èyí tó wà lára Fèyí, tó dúró sókè. Èkejì ń rọ̀ sórí itan, pẹ̀lú okùn méjì tó yí itan ká. Ẹ̀kẹta jẹ́ irin pẹlẹbẹ kan tó tẹ̀ díẹ̀, tó ń sọ àkọ̀ kalẹ̀ níwọ̀n ìka mẹ́rin, tó sì ń tì í kúrò lára.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fún èèyàn ní bẹ́líìtì," Adrian wí. "Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò ní parọ́ fún ọ, mi ò mọ èyí tó máa bá ọ mu. Kó gbogbo ẹ̀ lọ sílé. Ìbọn ò ní kúrò níbí o."

*

Ní òwúrọ̀ Saturday, Fèyí sọ̀ kalẹ̀ wá sí pálọ̀, ó rí i pé bẹ́líìtì inú ń dán lórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ìgò òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ṣe àmín sí àdúrà tí òun fúnra rẹ̀ ń gbà.

"Mummy, what have you done?"

"Mo fi òróró yàn án. Tó o bá máa gbé nǹkan burúkú yẹn kiri, ó kéré tán, kó o gbé e lórí ìyàsímímọ́."

"Ibi tó ń lẹ̀ mọ́ra nìyẹn. Ẹ wò ó, gbogbo òwú carpet ló ti wà lára ẹ̀."

"Òróró ò pa nǹkan lára rí."

"Ó pa bẹ́líìtì lára."

Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ nígbà tí Sájẹ́ǹtì wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń lé àwọn pẹ́pẹ́yẹ Birchmere Park tó ń rìn wọ ọgbà wọn. Ó rí bẹ́líìtì. Ó rí àkọ̀ mẹ́ta. Ojú rẹ̀ yí padà, kì í ṣe bó ṣe máa ń yí bó bá ń sọ ìtàn adigunjalè. Ó gbé bẹ́líìtì tòde, ó dì í mú lórí méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń yẹ ẹja wò.

"Ta ló wọ̀n ẹ́?" ló bi Fèyí.

"Adrian. The stores man."

"Níbo ló wọ̀n?"

Fèyí fi hàn án.

"Lórí ẹran," bàbá rẹ̀ wí. "Ẹran ara kì í gbé ẹrù, Fèyí. Ẹran á yẹ̀. Egungun ló ń gbé e. Fọwọ́ ẹ wá egungun ìbàdí. Rárá, sókè díẹ̀. Ẹn. Ibẹ̀ yẹn ni bẹ́líìtì ń jókòó lé, kó fún débi tí ìka kan ṣoṣo á fi wọbẹ̀. Eléyìí tóbi fún ẹ. Ó ń rọ̀ mọ́ ibi tó fẹ̀, ìyẹn ló fi ń yí."

Fèyí ti ń bá bẹ́líìtì náà jà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó fà á sókè, ó fún un, Sájẹ́ǹtì sì lọ mú okùn bàtà wá, ó fi gán ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà yọ̀. Kò síbọn, nítorí náà ìyá rẹ̀, tó ní òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, lọ gbé ẹ̀wà olóyin kílò kan wá láti ilé ìdáná, torí wọ́n ní bí ìbọn tó kún fún ọta ṣe wúwo nìyẹn. Wọ́n fi rọ́bà so ẹ̀wà mọ́ àkọ̀.

Àkọ̀ orí itan ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Fèyí fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí pé bí ó ti wò ó nínú dígí, ó rí bí ẹni tó lè fò kọjá lórí ògiri. Bàbá rẹ̀ ní kó gun àtẹ̀gùn. Ó gun ún, ẹ̀wà ń gbá a nítan ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kó sáré sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀wà yí lọ sẹ́yìn, okùn itan yọ̀ dé orúnkún, Fèyí sì fi ìdí dé ìsàlẹ̀.

"Ó dáa," Sájẹ́ǹtì wí. "Wá lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Mi ò fẹ́ tọ̀."

"Ìjọba ò ní bi ẹ́ bóyá o fẹ́. Lọ."

Ó lọ. Wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, tọkọtaya, wọ́n ń gbọ́ bí ó ti ń tú okùn itan kìíní, ó tú èkejì, ó tú àwọn ìdè kékeré mẹ́rin tó so bẹ́líìtì méjèèjì pọ̀, ohun kan sì bọ́ sílẹ̀.

"Kí ló bọ́ yẹn?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀wà."

"Sínú omi?"

"Mummy, please."

"Ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n ò ní àyè okùn méjì lórí ìdè mẹ́rin," Sájẹ́ǹtì wí fún ilẹ̀kùn náà. "Èyí ò dáa fún obìnrin. Ẹ̀kẹta ló kù."

Irin tó tẹ̀ náà kò wuyì lójú rárá. Ó mú kí àkọ̀ yà sọ́tọ̀ bí etí ìkòkò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fèyí wọ̀ ọ́ tán, tí bẹ́líìtì sì jókòó lórí egungun, ó sọ ọwọ́ sílẹ̀, ọwọ́ náà sì bọ́ sórí ẹ̀wà láìwá a. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò lọ síbi kankan. Ó jókòó, kò gún un. Ó tẹ̀ láti mú ìwé nílẹ̀, kò gún un. Ó gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀wà dúró jẹ́ẹ́.

"Ṣé o rí i?" bàbá rẹ̀ wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú pálọ̀, àyà síwájú, ọrùn gún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ ní ìwọ̀n kan. "Ohun tó bá máa bá ẹ rìn jìnnà, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bá ara ẹ ṣọ̀tá. Wàá fún un láyè díẹ̀, kó dá dúró, kó ṣáà fẹ̀yìn ti egungun."

"Daddy, tìẹ ńkọ́? Which side lo máa ń gbé e sí?"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Sorry, sir. Tiyín. Which side lẹ máa ń gbé e sí?"

Ó ṣì ń rìn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ síwájú rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì pàdé lábẹ́ ìdodo, ní àárín gbùngbùn.

"Síbí," ló wí.

Fèyí wo ọwọ́ náà. Ó wo ojú bàbá rẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn?"

"Ẹn."

"Daddy, kò sẹ́ni tó ń gbé ìbọn síbẹ̀. Tó bá ṣèèṣì yìn, ẹ ò bá má bí mi."

Sájẹ́ǹtì dúró. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni. Láti ilé ìdáná, níbi tó ti gba ẹ̀wà náà padà, tó ń dà á látinú ọ̀rá rẹ̀ tó ti rin sínú ìkòkò, ìyá Fèyí sọ̀rọ̀ láìbojú wẹ̀yìn.

"Ẹ sọ fún un, Daddy Fèyí."

"Títí, má dá sí i."

"Àsíá ni," Títí wí. "Àsíá ni bàbá ẹ ń gbé. Kò gbébọn rí láyé ẹ̀. Ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọlọ́pàá ló wà. Òun ló máa ń gbé àsíá ṣáájú wọn."

Sájẹ́ǹtì jókòó sórí apá àga, ohun tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe nílé náà.

Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jọ ti ìtàn adigunjalè. Ó ní bẹ́líìtì funfun kan ni wọ́n ń wọ̀, tí wọ́n so ife awọ kan mọ́ níwájú, abẹ́ ìdodo gan-an, ibẹ̀ sì ni ìdí igi àsíá ń wọ̀. Ó ní ènìyàn lè rò pé aṣọ lásán ni àsíá, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ sí i ní ọjọ́ kìíní oṣù October, tí afẹ́fẹ́ sì gbé e, ńṣe ló ń fa èèyàn bí ẹja ńlá. Lọ́dún méjì àkọ́kọ́, ikùn rẹ̀ ló fi gbé e. Awọ inú rẹ̀ bó, ó sì kù díẹ̀ kó sọ àsíá Nàìjíríà lu gómìnà. Àgbà kọ́púrà kan ló fà á sí kọ̀rọ̀, tó kọ́ ọ pé egungun ni, pé kó sọ ife náà kalẹ̀ díẹ̀ kó sì tì í síwájú.

"Àkọ̀ náà kúkú ni," ló wí. "Àkọ̀ àsíá."

"Àwọn armed robbers ńkọ́?" Fèyí bi í.

"Wọ́n wá. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. À ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú ọ̀gá wa kan, à ń fun fèrè bọ̀ lójú títì, báńkì náà sì wà lọ́nà. Wọ́n gbọ́ wa, wọ́n rò pé ṣọ́jà ló ń bọ̀. Wọ́n sá."

"Mélòó ni wọ́n?"

Sájẹ́ǹtì ronú. "Méjì," ló wí. "Ọ̀kan lè jẹ́ dẹ́rẹ́bà."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú ìyá Fèyí ní ilé ìdáná. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i, òjò ń rọ̀ ní pápá ìṣeré, gbogbo èèyàn ti sá wọ abẹ́ òrùlé, àwọn onífèrè gan-an ti ń wò káàkiri, ọkùnrin kan ṣoṣo yìí dúró sáàárín pápá pẹ̀lú àsíá, kò mira. "Mo ní ọkùnrin tó lè dúró fún wákàtí mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, á ṣeé bá gbé. Ọjọ́ tó gbé àsíá kalẹ̀ ni mo tó gbọ́ ohùn ẹ̀, ó ti pẹ́ jù."

Fèyí fẹ́ bínú. Ó ti fi ìtàn náà yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ níwájú àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àmọ́ bó ti ń wá ìbínú náà, ohun tó rí yàtọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ fún un ní ìbọn, tó ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ti ń rò pé ẹ̀jẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ń sọ kò dé ara òun. Ó ń tijú ọkùnrin kan tó fa ìbọn yọ síwájú èèyàn méje, ọkùnrin náà kò sì sí.

"Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n," ló wí. "Tí mo bá ti mú un. I haven't told anyone."

Bàbá rẹ̀ dìde kúrò lórí apá àga.

"Tèmi náà gbọ̀n," ló wí. "Aṣọ sì ni mo gbé. Tí ọwọ́ ẹ ò bá gbọ̀n rárá, èmi gan-an á pè wọ́n pé kí wọ́n gba ìbọn náà lọ́wọ́ ẹ."

*

Ní àárọ̀ Monday, Adrian gba bẹ́líìtì náà padà, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Òróró ólífì."

"Ó dáa fún awọ," Adrian wí. "Ọ̀rá nìyí." Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fèyí mú téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í lé egungun fúnra rẹ̀, Adrian sì wọ awò ojú, ó ka nọ́ńbà náà. Ó fi ìwọ̀n méjì kéré sí èyí tó kọ́kọ́ fún un. Ó tún bá a mú èyí tó le jù nínú ilé ẹrù, tó ní òun kì í fún ẹnikẹ́ni torí pé àwọn ọkùnrin máa ń ráhùn pé ó ń há ikùn wọn. Fèyí kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé bẹ́líìtì àfòróróyàn ti padà sórí pẹpẹ, pé wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbé e fún ẹlòmíì. Ó rò ó pé oore-ọ̀fẹ́ kì í ṣòfò.

Níwájú àmì, Faiz dúró pẹ̀lú aago lọ́wọ́ kan, tíì lọ́wọ́ kejì. Ti àkọ́kọ́, Fèyí kánjú, àtàǹpàkò rẹ̀ kò bá bọ́tìnnì, ó di ìṣẹ́jú àáyá méjì àti ààbọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó jẹ́ kó gbọ̀n. Ó sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mí, ó jẹ́ kí èjìká rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí fèrè dún, ọwọ́ náà bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí, ìbọn jáde, ó kọjú sí àmì.

Faiz wo aago. "Ìgbà kan sí i," ló wí. Wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe. Ní ìgbà karùn-ún, ó fi tíì sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ìṣẹ́jú àáyá kan àti ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá," ló wí. "Kí lo ṣe sí i?"

"Ẹnìkan tó ti gbé nǹkan wúwo rí ló bá mi wọ̀n ọ́n."

"Ọlọ́pàá ni?"

"Ọlọ́pàá ni, sir."

Ó yege ìdánwò yẹn, ó sì yege èyí tó kẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé níbi eré sísá, òun ló gbẹ̀yìn. Kí kíláàsì mìíràn tó wọlé, Adrian ní kó wá fi ibi tó yẹ kí téèpù wà lára obìnrin han òun. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pẹ̀lú pẹ́ńsù, ó ya ìbàdí kan síbẹ̀ tó jọ ìṣà omi, ó sì tọrọ àforíjì nítorí bí ó ti yà á.

Géètì tí wọ́n fi Fèyí sí kò tóbi. Ilé aláwọ̀ ìyẹ̀fun kan ni, pẹ̀lú àsíá orílẹ̀-èdè kan tí kò mọ orúkọ olú-ìlú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, arìnrìn-àjò mẹ́tàlélógún ló bi í níbi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ìyàwó ilé kan sì ní kó bá òun di ajá òun mú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá arúgbó kan yọ̀ ṣubú ní ẹ̀bá ọ̀nà. Fèyí fi ọwọ́ òsì gbé e dìde, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìrò ó, bí wọ́n ti kọ́ ọ. Bàbá náà dì mọ́ ọn lọ́rùn fún ìgbà pípẹ́. Ó ń bẹ̀rù kí òun má tún ṣubú, Fèyí náà sì ń bẹ̀rù ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ títí bàbá náà fi kọjá lọ. Ó rò ó pé bóyá bí ó ti yẹ kó rí nìyẹn.

Bí iṣẹ́ bá parí, ó máa ń dá ìbọn padà fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ó máa ń tú bẹ́líìtì sínú àpótí rẹ̀, á wọ ọkọ̀ ojú irin dé Abbey Wood, á sì wọ bọ́ọ̀sì gba Harrow Manorway lọ sílé. Fún bí i wákàtí kan, ara rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí òsì, torí pé ìbàdí ọ̀tún ṣì ń retí ẹrù.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" ìyá rẹ̀ bi í ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹsẹ̀ òun náà wà nínú omi gbígbóná lẹ́yìn iṣẹ́.

"Mò ń dúró."

"Fún wákàtí mélòó?"

"Mẹ́wàá."

"Kí lo wá ń rò, fún wákàtí mẹ́wàá?"

Fèyí ronú sí i. "Oúnjẹ," ló wí.

Ìyá rẹ̀ sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú abọ́ omi náà, Fèyí sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.